Ẹ Bi Wá: Ṣé Èèyàn Ṣì Ń Gbé Abúlé Koguva?

*Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Manchester ni mò ń gbé. Ọmọbìnrin Estonia kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ní kí n wá lo ọ̀sẹ̀ kan nílé àwọn òbí òun lóṣù keje, ó ní òun á mú mi dé abúlé àgbẹ̀ àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Koguva, ní erékùṣù Muhu nínú òkun Baltic, lápá àríwá ilẹ̀ Yúróòpù. Mo ti wo fótò ẹ̀ lórí fóònù, ó rẹwà, àmọ́ ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n kàn tò ó kalẹ̀ fáwọn àlejò ni. Igbó-Ọrà ni wọ́n bí mi sí, ọmọ àgbẹ̀ ni mí, mi ò fẹ́ lọ sanwó wo ilé tí ò sẹ́ni tó ń dáná níbẹ̀. Ṣé kí n lọ? Kí ni kí n wò? – Ìyá Ìbejì*

Ìyá Ìbejì, ẹ lọ o, ẹ má wulẹ̀ ṣiyèméjì. Ẹnì kankan ò tò ó kalẹ̀ fún àlejò, ilé onílé ni. Àwọn èèyàn ṣì ń gbé ibẹ̀, agboolé díẹ̀ ló wà lọ́wọ́ Mùsíọ̀mù Muhu, ibẹ̀ nìkan lẹ sì máa sanwó wọ̀, ìyókù, ojú títì lẹ ti máa wò ó. Nígbà tí mo débẹ̀, aṣọ ló wà lórí okùn lẹ́yìn ilé kan, bàbá àgbàlagbà kan ń gé koríko, mo kí i pé "Tere", báyẹn ni wọ́n ṣe ń kíra wọn níbẹ̀, ó gbórí sókè ó dá mi lóhùn, ó bá tún ń gé koríko ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìwé kan. Lọ́dún 1532, Wolter von Plettenberg, olórí ẹgbẹ́ jagunjagun Jámánì tó ń ṣàkóso ilẹ̀ yẹn nígbà náà, kọ ìwé òmìnira fún àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Hansken ní Koguva. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn o, torí ìsìnrú làwọn àgbẹ̀ tó kù ń bá kiri, wọ́n ń ro oko olóko, wọn ò sì lè kó ẹrù wọn kí wọ́n lọ síbi tó wù wọ́n, 1819 ni òfin tó tú àwọn àgbẹ̀ agbègbè yẹn sílẹ̀ tó jáde. Ẹ ṣírò ẹ̀, ó ku díẹ̀ kó pé ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí ìdílé Hansken ti fi ṣáájú àwọn tó kù. Àwọn ọmọ ọmọ ẹ̀ ló ń jẹ́ Smuul, wọ́n wà lórí ilẹ̀ yẹn títí wọ́n fi bí Juhan Smuul tó di òǹkọ̀wé ńlá ní Estonia sí agboolé Tooma lọ́dún 1922. Agboolé Tooma yẹn gan-an ni mùsíọ̀mù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ àgbẹ̀, ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ilẹ̀ jẹ́ tẹni.

Kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ dúró ti ọgbà òkúta tó yí agboolé ká. Òkúta tí wọ́n ṣà kúrò nínú oko ni, torí ilẹ̀ Muhu kún fún òkúta, wọ́n wá ń tò ó léra wọn láìfi nǹkan kan lẹ̀ ẹ́, kí ẹran má bàa jẹ oko. Ewédò ti bò ó pátá. Mo gbọ́wọ́ lé e, ó rọ̀ bíi tìmùtìmù, tútù ni, mo wá ti ìka bọ àárín òkúta méjì, ó le gbagidi, kò mì rárá.

Ilé ńlá yẹn ńkọ́, rehielamu ni wọ́n ń pè é, ewé esùn etí òkun ni wọ́n fi bo orí ẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀ kúrú, ẹ bẹ̀rẹ̀ dáadáa o. Ilé gbígbé àti ibi tí wọ́n ti ń pa ọkà wà lábẹ́ òrùlé kan náà, nítorí ojú ọjọ́ wọn, oòrùn wọn ò tó gbẹ ọkà ráì, torí náà wọ́n á kó o sórí igi lókè nínú yàrá tó ní ààrò, wọ́n á dáná sí i, kò sí ihò èéfín, èéfín á kàn máa ràn nínú ilé títí ọkà á fi gbẹ. Iná yẹn náà ni wọ́n ń yá lóru nígbà òtútù. Ẹ wo igi òrùlé, ó dúdú bí ìdí ìkòkò ẹlẹ́bu. Nígbà ooru ṣá, kíṣìnì ìta ni wọ́n ń lò, paargu.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sáré mú yín kọjá yàrá aṣọ. Àwọn obìnrin Muhu mọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ púpọ̀, síkẹ́ẹ̀tì olómi ọsàn, bàtà tí wọ́n kọ́ òdòdó sí lára. Láti kékeré ni ọmọbìnrin ti ń hun ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ sínú àpótí ẹrù ìyàwó ẹ̀, torí ọjọ́ ìgbéyàwó, gbogbo ẹbí ọkọ ló máa pín in fún. Mo dúró ti àpótí yẹn pẹ́.

Nǹkan kan ni mo fi bẹ̀ yín: ẹ má ya fótò wọnú fèrèsé ilé tí kì í ṣe ti mùsíọ̀mù.

*Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Muhu látìlú London. Ṣé ọ̀nà ẹ̀ ò le? – Bàbá Tóbi*

Kò le, Bàbá Tóbi. Láti Tallinn, olú ìlú Estonia, ẹ wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Kuressaare, ìlú kan ní erékùṣù tó wà lẹ́yìn Muhu, ó máa gùn sórí ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Virtsu, kò tó wákàtí kan tẹ́ ẹ ó fi gúnlẹ̀ sí Kuivastu lórí Muhu. Lọ́dún tí òtútù bá mú gan-an, òkun yẹn máa ń dì débi pé mọ́tò ń rìn lórí ẹ̀, àmọ́ ẹ má torí ìyẹn lọ nígbà òtútù o, oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ló dáa fún ọmọdé. Koguva jìnnà sí títì ńlá, ẹ yá mọ́tò, ẹsẹ̀ ọmọ kékeré ò lè gbé e. Tó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ ní, káàdì ìgbé UK yín ò tó, ẹ gba fíísà Schengen kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ra búrẹ́dì dúdú Muhu bọ̀, ráì ni wọ́n fi ṣe é, ó wúwo lọ́wọ́, ó máa ń pẹ́ kó tó bàjẹ́.