Ẹ Má Gbá Fílítà Yẹn Mọ́ Ògiri o

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lóṣù tó kọjá mo kàn fi gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé yìí pé kẹ́ẹ máa pààrọ̀ fílítà ẹ̀rọ amúlétutù yín kó tó dí, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, àṣé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ibì kan náà ni gbogbo lẹ́tà tó wọlé forí sọ: èyí tá a yọ yẹn ńkọ́, ibo ni ká gbé e sí? Mo ti ṣa díẹ̀ nínú wọn, àwọn tó jọra mo ti pa wọ́n pọ̀.

Ẹ káàsán ma. Ọkọ mi ló máa ń yọ fílítà ilé wa. Tó bá ti yọ ọ́, á gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, á máa gbá a mọ́ ògiri gbàgàgbàgà títí eruku á fi bò ó lójú, á tún wá dá a padà sínú ẹ̀rọ. Ìgbà tó bá rí i pé kò ṣeé lò mọ́ pátápátá, inú bíìnì páálí àti bébà tí wọ́n ń kó lọ fún àtúnlò ló ń jù ú sí, ó ní ṣebí páálí ló yí i ká. Mo ní kò dáa, ó ní àṣejù ti wọ ọ̀rọ̀ mi. Ta ló jàre? (Ìyá Ìbejì)

Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ jàre, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ka èsì yìí sí bàbá létí lójú àlejò.

Ẹ wò ó, gbogbo nǹkan tí fílítà yẹn ò jẹ́ kẹ́ẹ fà símú láti bí oṣù mélòó kan ló wà lára ẹ̀: eruku, irun ajá àti ti ológbò, lẹ́búlẹ́bú òdòdó, èépá ara tiwa fúnra wa, ìgbẹ́ àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń gbé inú bẹ́ẹ̀dì. Tẹ́ẹ bá gbá a mọ́ ògiri, èyí tó tóbi á já bọ́ sílẹ̀, inú yín á dùn pé ó ti mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó kéré tí ojú ò rí, tó sì jẹ́ òun gan-an ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, á fò sókè, á gba ojú fèrèsé wọlé padà. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta, ìṣẹ́jú kan lẹ fi bà á jẹ́. Èmi náà ti ṣe é rí o, mi ò ní purọ́, nígbà tí mi ò tíì mọ nǹkan kan, mo sì sín títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun kejì ni pé gbígbá yẹn máa ń tú gọ́ọ̀mù tó so aṣọ inú ẹ̀ mọ́ páálí, tí àlàfo bá sì ti wà létí ẹ̀, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ á máa gbà kọjá, fílítà kàn jókòó síbẹ̀ bí alága ọlọ́lá ni.

Ọ̀rọ̀ àtúnlò wá. Lóòótọ́ páálí ló yí i ká, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ jẹ́ òwú oníke tàbí òwú gílásì, òmíràn ní wáyà lẹ́yìn, gọ́ọ̀mù ló sì lẹ gbogbo wọn pọ̀. Àwọn tó ń rọ bébà di tuntun ò ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tú gbogbo ìyẹn palẹ̀, ìdọ̀tí tó wà lára ẹ̀ á tún ba bébà àwọn ẹlòmíì tó mọ́ jẹ́. Nítorí náà bíìnì pàǹtírí lásán ni ilé ẹ̀, àyàfi tí àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ládùúgbò yín bá sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn pé àwọn ń gbà á, tàbí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá ń gba àlòkù padà. Mo mọ̀ pé kò dùn létí, gbogbo wa la fẹ́ kí nǹkan di àtúnlò, ṣùgbọ́n kéèyàn máa ju nǹkan sínú bíìnì àtúnlò torí pé inú ẹ̀ fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, wàhálà ló ń fà fún àwọn tó ń ṣà á.

Bẹ́ẹ bá ṣe máa yọ ọ́ nìyí. Ẹ kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ, kó má jẹ́ pé fáànù inú ẹ̀ ṣì ń yí tẹ́ẹ fi fà á jáde, torí ìdọ̀tí tó bá bọ́ lára ẹ̀ nígbà yẹn, inú ẹ̀rọ ló ń fà á lọ tààrà. Ẹ wọ ìbòmú, ẹni tó bá ní asímà nínú ilé kó jáde ná, ẹni tó lè bá a yọ ọ́ kó bá a yọ ọ́. Ẹ ti la ẹnu ọ̀rá ńlá kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kẹ́ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kẹ́ẹ má lọ gbé fílítà eléruku kiri ilé máa wá ọ̀rá (ibi tí púpọ̀ nínú wa ti ń ṣì í ṣe nìyẹn). Ẹ fà á jáde jẹ́jẹ́, kí ojú tó dọ̀tí kọjú sókè, ẹ kì í sínú ọ̀rá, tó bá jẹ́ èyí tó rọ̀, ẹ ká a kí ìdọ̀tí ẹ̀ wà nínú. Ẹ wá di ẹnu ọ̀rá, àmọ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde o, ojú yín ló máa fẹ́ sí. Tó bá jẹ́ òwú gílásì, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ó máa ń yún èèyàn lára. Lẹ́yìn náà ẹ fi aṣọ tútù nu ibi tó wà, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ẹ gbé ọ̀rá yẹn jáde lọ́jọ́ náà.

Ṣé mi ò kàn lè dáná sun ún? Torí kòkòrò tó wà lára ẹ̀ ni. (Òǹkàwé yín)

Rárá o. Òwú oníke àti gọ́ọ̀mù ló máa jó, èéfín tó máa jáde látibẹ̀ burú ju eruku tẹ́ẹ ń sá fún lọ, òwú gílásì kò sì ní jó rárá, yíyọ́ ló máa yọ́. Ẹ di í sínú ọ̀rá, ó ti tán.

Àǹtí mi, ẹ gbà mí. Mo fi omi àti ọṣẹ fọ fílítà HEPA tó wà nínú ẹ̀rọ tó ń fọ afẹ́fẹ́ yàrá mi. Mo sá a sóòrùn, ó funfun báláú bíi tuntun, mo tiẹ̀ yà á ní fọ́tò. Ọjọ́ kẹrin ni yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí aṣọ tí ò gbẹ dáadáa. Ṣé kí n tún un fọ̀ ni? (Àpọ́n Onímọ̀tótó)

Àbúrò, má tún un fọ̀ jọ̀ọ́. Ó ti kú.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé irú nǹkan tí HEPA jẹ́, torí tó o bá mọ ọ́n o ò tún ní dán an wò. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ṣe é láàárín ọdún 1940 sí 1949, nígbà tí wọ́n ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì, kó lè máa mú eruku olóró tó wà nínú afẹ́fẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tó yá ló di nǹkan ilé. Lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n tó lè pe fílítà kan ní HEPA, ó gbọ́dọ̀ mú, ó kéré tán, 99.97 nínú 100 eruku tó tinrín tó 0.3 máíkírọ̀nù, ìyẹn ni pé nínú 10,000 irú ẹ̀, 3 péré ló lè yọ́ kọjá. Irun orí kan ṣoṣo nípọn ju eruku yẹn lọ ní ìlọ́po tó ju 100 lọ! Àwọn èèyàn máa ń rò pé ó dà bí asẹ́ tó ní ihò kéékèèké, kò rí bẹ́ẹ̀, bí igbó ló ṣe rí, òwú tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ́ra wọn sí ara wọn gbúngungbùngun tí eruku kọjú sí tí ò rọ́nà lọ. Omi tó o dà sí i ti tún igbó yẹn tò, ibì kan ti là, ibì kan ti dì pọ̀, ojú lásán ò sì lè rí i. Ó funfun lóòótọ́, àmọ́ funfun kọ́ ni iṣẹ́ ẹ̀. Òórùn yẹn ní tiẹ̀, inú ẹ̀ lọ́hùn-ún tí oòrùn ò dé ló ti bu, ohun tó bu yẹn ni ẹ̀rọ sì ń fẹ́ sí ẹ lójú ní gbogbo òru. Yọ ọ́ lónìí, sọ ọ́ sínú ọ̀rá méjì, dì í, gbé e jù sínú bíìnì, kó o sì fi aṣọ tútù nu inú ẹ̀rọ náà kó gbẹ kó o tó ki tuntun bọ̀ ọ́.

Àwọn tó ṣeé fọ̀ wà o. Èyí tó dà bí nẹ́ẹ̀tì tó wà lójú ẹ̀rọ amúlétutù ara ògiri ṣeé fọ̀, fóòmù ṣeé fọ̀, alumíníọ̀mù tó ń mú ọ̀rá lókè sítóòfù náà ṣeé fi omi gbígbóná àtọṣẹ fọ̀. Tó bá ṣeé fọ̀, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé tó bá a wá. Ẹ̀yìn tó mọ́ ni kó o ti da omi kí ìdọ̀tí lè gba ọ̀nà tó gbà wọlé jáde, sá a síbòòji, torí oòrùn máa ń ká oníke kò, kó sì gbẹ dénú kó o tó dá a padà.

Èyí tó ní èédú nínú ńkọ́? Mo gbọ́ pé èédú dáa fún ilẹ̀, mo fẹ́ tú u dà sídìí òdòdó mi. (Olódòdó)

Ẹ̀gbọ́n Olódòdó, ẹ ṣàánú òdòdó yẹn. Èédú tí wọ́n dìídì ṣe kó máa fa òórùn mọ́ra ni, gbogbo nǹkan tó ti fà láti ìgbà tẹ́ẹ ti ń lò ó, òórùn ọ̀dà, gáàsì inú àga tuntun, èéfín sìgá, ṣì wà lára ẹ̀, ibi tí wọ́n sá pa mọ́ sí nìyẹn. Ẹnì kan tún béèrè lẹ́yìn yín pé tóun bá sá a sóòrùn ṣé kò ní sọjí. Kò ní sọjí. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń sọ irú èédú bẹ́ẹ̀ jí, iná tó tó bí i 800 dígírì ni wọ́n ń lò, oòrùn kankan ò lè ṣe ìyẹn. Bíìnì náà ni, nínú ọ̀rá.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ilé àtijọ́ kan ṣe, wọ́n ha ọ̀dà ògiri gbogbo, ẹ̀rọ amúlétutù sì wà ní títàn. Fílítà ti di funfun. Ṣé bíìnì náà ni? Ọmọ ọdún méjì wà nílé. (Ìyá Tó Ń Bẹ̀rù)

Ẹ̀rù yín yìí tọ́, lẹ́tà yín ni mo sì kọ́kọ́ dáhùn nínú gbogbo wọn kó tó di pé mo to ojú ìwé yìí. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1978 ni wọ́n fòfin de ọ̀dà olójèé nínú ilé, tí ilé yín bá ti dàgbà, ẹ ṣe bí ẹni pé ó wà níbẹ̀ títí ẹnì kan á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Òjé kò dáa fún ọpọlọ ọmọdé rárá, ọmọ ọdún méjì sì rèé, ilẹ̀ ló ti ń ṣeré, ẹnu ló ń kó ọwọ́ sí. Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn, ẹ má tàn án. Ẹ gbé ọmọ jáde nínú ilé kẹ́ẹ tó fọwọ́ kan fílítà. Ọ̀rá méjì ni kẹ́ẹ fi dì í, ẹ kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ sára, kẹ́ẹ wá pe ọ́fíìsì tó ń rí sí ìdọ̀tí olóró kí wọ́n sọ ibi tẹ́ẹ máa gbé e lọ, ẹ má kàn jù ú sínú bíìnì. Ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ àti ojú fèrèsé, ẹ má gbálẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n tún fọ́ àjà tàbí páìpù àtijọ́ tẹ́ẹ fura pé asbestos (òkúta tó rí bí òwú tí wọ́n ń fi kọ́lé tẹ́lẹ̀, tí eruku ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́) wà níbẹ̀, ẹ̀yin ẹ má fọwọ́ kàn án rárá, ẹ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n. Kẹ́ẹ sì gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, àyẹ̀wò kékeré ni.

Ẹ̀rọ tèmi ní iná aláwọ̀ búlúù kan nínú tí wọ́n ní ó ń pa kòkòrò. Ó ti kú. (T.)

Ẹ má fọ́ ọ, ẹ má sì jù ú sínú bíìnì. Púpọ̀ nínú irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ ní máàkúrì, ibi tí wọ́n ti ń gba gílóòbù gígùn àti bátìrì àlòkù ni kẹ́ẹ gbé e lọ.

Àǹtí, mò ń ka ojú ìwé yín láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n lónìí ẹ já mi kulẹ̀. Bíìnì, bíìnì, bíìnì. Ṣé báyìí la ṣe máa tọ́jú ayé? (Inú Ń Bí Mi)

Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yín ò burú. Èyí tó ti dọ̀tí ti dọ̀tí, a ò lè fi ìbínú fọ̀ ọ́. Ibi tá a ti lè ṣe nǹkan ni kó tó dọ̀tí. Ẹ wo nọ́ńbà MERV tó wà lára ẹ̀ tẹ́ẹ bá ń rà á, ó ń lọ láti 1 dé 16, tí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ló ṣe ń mú eruku tó kéré sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló lágbára láti ti afẹ́fẹ́ kọjá nínú 13, ẹ wo ohun tí ìwé ẹ̀rọ yín sọ, torí èyí tó le jù fún un á máa mú un hẹlẹ. Èyí tó nípọn tó íǹṣì mẹ́rin, tí ẹ̀rọ bá láyè ẹ̀, lè lo oṣù mẹ́fà dé ọdún kan nígbà tí tẹ́ẹ́rẹ́ á ti tán láàárín oṣù mẹ́ta. Tí ẹ̀rọ tó ń fọ afẹ́fẹ́ bá ní nẹ́ẹ̀tì tó ṣeé fọ̀ níwájú HEPA, ẹ máa fọ nẹ́ẹ̀tì yẹn déédéé, òun ló ń gba ẹ̀mí HEPA là. Èyí tí férémù ẹ̀ jẹ́ irin tẹ́ẹ lè máa yọ aṣọ inú ẹ̀ pààrọ̀ tún dáa, férémù yẹn á pẹ́ lọ́wọ́ yín, ọjọ́ tó bá bàjẹ́ àwọn onírin àlòkù á gbà á.

Ṣùgbọ́n ẹ má torí àtidín ìdọ̀tí kù kẹ́ẹ wá máa fi èyí tó ti dí sílẹ̀ o. Ẹ̀rọ tí ò rí afẹ́fẹ́ fà dáadáa á máa jẹ iná, yìnyín á máa bo páìpù inú ẹ̀, nígbà tó bá sì kú, gbogbo irin àti oníke yẹn ló máa di ìdọ̀tí, fílítà nìkan kọ́. Èmi máa ń fi bírò kọ ọjọ́ tí mo fi fílítà tuntun sínú ẹ̀rọ sí etí páálí ẹ̀, mo sì máa ń gbé e sójú iná lóṣooṣù wò, tí mi ò bá ti rí ìmọ́lẹ̀ lódìkejì, mo ti mọ ohun tó kàn.