Wọ́n rí àpò oyún, wọn ò rí ọmọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nǹkan oṣù mi ìkẹyìn ti pé ọ̀sẹ̀ 6. Skáànù orí ikùn tí mo ṣe l'Ádó-Èkìtì fi àpò oyún hàn, mìlímítà 12, òfìfo. Ìyá ọkọ mi ní kí n lọ fọ ilé ọmọ. Ṣé kí n lọ? (Ìyàwó ilé, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Rárá o, ẹ má tíì fọ nǹkan kan. Àpò ló máa ń kọ́kọ́ hàn, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 5. Àpò kékeré tó ń bọ́ ọmọ a tẹ̀lé e ní ọ̀sẹ̀ 5 àbọ̀, ọmọ àti ìlù ọkàn rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6. Bí ẹyin yín bá pẹ́ kó tó jáde lóṣù yẹn, oyún náà kéré sí iye ọ̀sẹ̀ tí ẹ kà. Skáànù orí ikùn kì í sì í tètè rí i tó èyí tí wọ́n ń gba ojú ara ṣe.

Àpò ń fi nǹkan bíi mìlímítà 1 dàgbà lójúmọ́. Kó tó mìlímítà 25 láìsí ọmọ nínú rẹ̀, lórí skáànù ojú ara, kí wọ́n tó lè sọ pé oyún ti bàjẹ́. 12 jìnnà sí i gan-an. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 14. Ẹ máa lo fólíìkì ásíìdì lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbẹ́ ikùn kan bá ń ro yín gidigidi, tí èjìká ń dùn yín, tí òòyì ń kọ́ yín tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, ẹ má dúró de ọjọ́ 14: omi lásán nínú ilé ọmọ máa ń jọ àpò nígbà mìíràn, kí oyún gan-an wà níta. Ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, lóru pàápàá.