Kí ẹ tó wá lọ́yà, ẹ pààlà ná

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ọjà tí wọ́n ń ṣe lágbègbè yín ti lókìkí, àwọn tí kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà ibẹ̀ sì ti ń lẹ orúkọ ibẹ̀ mọ́ tiwọn. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ sáré lọ fi orúkọ náà ṣe trademark, ìyẹn àmì òwò tó ní ẹni tó ni ín, ní orúkọ ara yín kó má baà bọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn olóyin kan tó ń sin oyin lórí òkè, orúkọ òkè náà la sì ń lé kiri ọ́fíìsì. Kò sí àṣìṣe tó wà nídìí iṣẹ́ yìí tí a kò ṣe.

Èyí tí ẹ fẹ́ ṣe yẹn la fi bẹ̀rẹ̀. Alága wa ìgbà náà gba fọ́ọ̀mù trademark, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó ní òun ń bá wa tọ́jú rẹ̀ ni. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, mi ò ní bá òkú ṣẹjọ́. Wọ́n dá fọ́ọ̀mù padà. Orúkọ tó kàn ń sọ ibi tí ọjà ti wá, ẹnì kan ṣoṣo kì í sábà rí i gbà, nítorí gbogbo ará ibẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọjà wọn. Ohun tí ẹ ń wá ni èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní geographical indication, GI, ìyẹn orúkọ ibi tí a fi ń dá ọjà ibẹ̀ mọ̀. Ẹni tó ni trademark lè tà á fún ẹni tó bá wù ú. GI kò ṣeé tà: ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú ààlà, tó sì pa ìlànà mọ́, ló lè lò ó.

Àwọn kan mọ̀ọ́mọ̀ gba ọ̀nà trademark o. Ní 2005, ìjọba Etiópíà fi orúkọ Sidamo, Harar àti Yirgacheffe, tí kọfí wọn ti ń wá, wá trademark ní Amẹ́ríkà dípò GI. Àwọn àgbẹ̀ kéékèèké tó ń gbin kọfí náà pọ̀ lọ súà, ta ni yóò máa yẹ oko wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí GI ṣe ń fẹ́? Ẹgbẹ́ àwọn oníkọfí Amẹ́ríkà ta kò wọ́n, ọ̀rọ̀ náà kan Starbucks, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ta kọfí, 2007 ni Etiópíà àti Starbucks tó jọ fọwọ́ sí ìwé. Ṣùgbọ́n ìjọba ló ni trademark yẹn. Òntajà kan kọ́.

Wàhálà tó pọ̀ jù wà láàárín àwa fúnra wa. Àdéhùn TRIPS ti 1994, tó dá lórí ẹ̀tọ́ ohun-ìní ọpọlọ, tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ WTO, àjọ ìṣòwò àgbáyé, wà lábẹ́ rẹ̀, sọ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ibi tí ọjà ti wá gan-an ló fún un ní dídára rẹ̀, tàbí òkìkí rẹ̀, tàbí ìwà kan tó ní. Lọ́yà tí a lọ bá bi wá pé kí ni òkè náà ṣe sí oyin yín. Gbogbo wa ń wo ara wa. Ẹnì kan ní oyin wa dùn. Lọ́yà pa fáìlì dé, ó ní ká máa lọ ilé, ká padà wá nígbà tí a bá lè kọ ọ́ sílẹ̀: ibo ni ààlà, báwo lẹ ṣe ń ṣe é, ta ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Alẹ́ tí a pààlà, mi ò lè gbàgbé. A tẹ́ máàpù sórí tábìlì, mo mú pẹ́ńsù dání. Bí mo bá fa ìlà náà gba ojú odò, bàbá kan tó kọ́ ìdajì wa níṣẹ́ yóò bọ́ sóde, nítorí òdìkejì odò ni ilé oyin rẹ̀ tó pọ̀ jù wà. Bí mo bá sì gbé ìlà kọjá odò, oníṣòwò ńlá tó ń fi orúkọ wa tajà yóò bá a wọlé. A jiyàn títí àkùkọ fi kọ. Ìgbà tó yá ni ẹnì kan sọ pé òdòdó kan ló ń fún oyin wa ládùn, ibi tí igi rẹ̀ bá ń hù dé ni kí ààlà dé. Ọjọ́ mẹ́ta la fi rin òkè náà ká, à ń kun ara igi. Ilé oyin bàbá, méjì péré ló bọ́ sínú. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó mú fìlà rẹ̀, kò sì tún wá sípàdé mọ́.

Ohun tí ẹ kò bá kọ, òfin kò ní bá yín rántí. Àwọn tó ń ṣe ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ ti Parma ní Ítálì ní ìlànà pé Parma náà ni kí wọ́n ti gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, kí wọ́n sì dì í. Ní 2003, ilé ẹjọ́ gíga ti Yúróòpù gbà pé ìlànà yẹn tọ́, ṣùgbọ́n ó ní àwọn tó ń gé e níta kò lè jẹ̀bi, nítorí ìlànà náà kò hàn síta fún wọn bó ṣe yẹ lábẹ́ òfin Yúróòpù. Ẹ wo bí ẹjọ́ àre ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ti àyẹ̀wò wá kù. Nínú oyin kọ̀ọ̀kan, lẹ́búlẹ́bú òdòdó tí kòkòrò oyin gbé wá máa ń wà níbẹ̀. Wọ́n lè fi máíkíróskóòpù mọ irú òdòdó tó jẹ́. A kó ìgò méjìlá lọ. Lẹ́búlẹ́bú sunflower kún inú ọ̀kan bámú. Kò sí sunflower lórí òkè wa. Akápò ló ni ìgò náà: òjò ò dáa lọ́dún yẹn, ó lọ ra oyin níbòmíràn, ó pò ó mọ́ tiẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń bẹ̀ mí pé tiwa ni, kí n fa ìwé èsì àyẹ̀wò náà ya. Mi ò ya á. Ṣé kí oníṣòwò òdìkejì odò wá rí i kó fi dá wa lójú agbo ni?

Ẹ má sì fi falẹ̀. Orúkọ tí gbogbo ayé bá ti sọ di orúkọ ọjà lásán, gbígbà padà rẹ̀ nira. Ní 2023, ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà kan sọ pé gruyere ti di orúkọ irú wàràkàṣì kan lásán lọ́dọ̀ tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Switzerland àti Faransé ló wá pẹjọ́. Àwọn ará Gíríìsì jà lórí feta, wàràkàṣì wọn, títí ó fi di tiwọn ní 2002, Jámánì àti Dẹ́nmáàkì tún gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n pàdánù ní 2005. Síbẹ̀ 2022 ni ilé ẹjọ́ Yúróòpù ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Dẹ́nmáàkì lẹ́bi pé wọn kò dá àwọn tó ń kó wàràkàṣì wọn lọ sókè òkun lórúkọ feta lẹ́kun. Nítorí náà, ẹ máa kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń lo orúkọ yín láti ìsinsìnyí, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà.

Bí ọjà yín bá jẹ́ wáìnì tàbí ọtí líle, ara tù yín díẹ̀: TRIPS kò jẹ́ kí àwọn ará ibòmíràn kọ «irú ti ibi báyìí» sára tiwọn, bí kò tilẹ̀ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àwa tó kù, àfi ká fi hàn pé wọ́n ń ṣi àwọn oníbàárà lọ́nà. Ilé ni kí ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí orílẹ̀-èdè mìíràn kò jẹ yín ní gbèsè láti dáàbò bo orúkọ tí òfin ilé yín kò dáàbò bò.

Wọ́n forúkọ wa sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Oníṣòwò òdìkejì odò ti yí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ padà, ó wá ń ya àwòrán òkè sí i, mo ṣì ń bá ìyẹn fà á. Bí ẹ bá ti fa ìlà yín sórí máàpù, ẹ padà wá sọ ẹni tó bọ́ sóde.