Ọmọ tó ń kàwé mọ́jú tí máàkì ẹ̀ ò gòkè: ẹ jẹ́ kó kọ bó ṣe dá a lójú tó kẹ́ ẹ tó máàkì

Mọ̀mí, ẹ ní ọmọ yín tó wà ní SS3 ń kàwé mọ́jú, tẹ́ ẹ bá bi í ó ní òun ti mọ̀ ọ́n, ìdánwò á dé, máàkì ò ní jọ ìwé tó kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a jà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ayé ló ń ṣe é. Irú wọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń mú wá bá mi ní lẹ́sìn maths l'Abẹ́òkúta níbí, àwọn ọ̀lẹ gan-an ò pọ̀ tó wọn.

Bó ṣe ń kà á ni wàhálà wà. Á ṣí nóòtù, á kà á, á fi máákà yẹ́lò kùn ún, á tún un kà, nígbà tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta ojú ẹ̀ ti mọ gbogbo pééjì yẹn, ló bá rò pé orí òun ti gbà á. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ládùúgbò tẹ́ ẹ ò lè dárúkọ wọn, àbí? Bẹ́ẹ̀ ìdánwò, orúkọ ló máa bi í.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan o. Lọ́dún 2006 àwọn olùwádìí méjì l'Amẹ́ríkà, Roediger àti Karpicke, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ìwé kékeré kan. Àwọn kan kà á lẹ́ẹ̀mẹrin, àwọn kan kà á lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n wá pa ìwé dé, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó ń tún un kà ló mókè, 83 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn yòókù gba 71. Ẹ ní sùúrù ná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó ń tún un kà já wá sí 40, àwọn tó ń dán ara wọn wò ṣì wà ní 61. Àwọn tó já wá sí 40 yẹn gan-an lọkàn wọn balẹ̀ jù nígbà tí wọ́n bi wọ́n pé ṣé wọ́n á rántí. Ọmọ yín nìyẹn.

Ohun tí mò ń ṣe kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ fún un ní past question, kó pa ìwé dé. Tó bá ti dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó kọ nọ́ńbà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kẹ́nikẹ́ni tó máàkì: 0 tó bá jẹ́ pé ó kàn méfò ni, 1 tó bá jọ pé bẹ́ẹ̀ ni, 2 tó bá lè fi búra. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ wá máàkì. Èyí tó kọ 0 tó sì fẹ́èlì, ìyẹn ò le, ó ti mọ̀ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Èyí tó kọ 2 tó sì fẹ́èlì ni kẹ́ ẹ dúró lé lórí.

Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi, orí ẹ̀ pé dáadáa. Ìbéèrè ní wọ́n wọn okùn kan, wọ́n ní 2.4 mítà ni, bẹ́ẹ̀ 2.5 ló jẹ́, kí ni percentage error? Ó fi 2.4 pín 0.1 tí wọ́n fi ṣì í, ó gba 4.17 nínú ọgọ́rùn-ún, ó wá kọ 2 gàdàgbà síbẹ̀. Iye tó jẹ́ lóòótọ́ ló yẹ kó fi pín, ìyẹn 2.5, kó sì gba 4 géérégé. Mi ò sọ ìyẹn fún un, mo ní kó ṣàlàyé ìdí tó fi mú 2.4. Ó wojú mi títí, ó ní "Sà, òun ló kọ́kọ́ wà nínú ìbéèrè." Ẹ ò rí nǹkan! Ó mọ fọ́múlà o, àmọ́ nọ́ńbà tó bá kọ́kọ́ rí ló máa ń gbá mú. A wá ṣí iṣẹ́ ẹ̀ lórí èrè àti àdánù, ohun kan náà ló ń ṣe níbẹ̀, tí wọ́n bá ti kọ iye tí wọ́n ta ọjà ṣáájú iye tí wọ́n rà á, iye tí wọ́n tà á lòun máa fi pín. Látìgbà yẹn òun fúnra ẹ̀ ló máa ń fa ìlà sídìí iye tó yẹ kó fi pín kó tó bẹ̀rẹ̀. Metacognition tí wọ́n ń pariwo náà nìyẹn, kí ọmọ máa ṣọ́ bí orí ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, orúkọ ẹ̀ ló kàn le.

Tó bá jẹ́ tíọ́rì, WAEC máa ń gbé ìròyìn àwọn ọ̀gá tó ń máàkì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ibi táwọn ọmọ ti ń ṣì í lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Kó kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè náà, kó tó lọ ka ẹjọ́ tí wọ́n rò, kó wá fi bírò pupa sàmì sí èyí tóun náà ṣe. Fún JAMB, ìbéèrè 180 ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ tó bá ti mọ èyí tó jẹ́ 2 lọ́wọ́ òun á kọ́kọ́ kó wọn, kò ní jókòó ti 0 kan títí aago á fi lù.

Ẹ má bi í lálẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé tán o, 2 ló máa kọ síbi gbogbo torí ó ṣì gbóná lórí ẹ̀. Ọjọ́ kejì ni kẹ́ ẹ bi í. Ẹ má sì pariwo mọ́ ọn nítorí 2 tó fẹ́èlì, mo ti rí i lọ́dọ̀ àwọn òbí, ọmọ á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ 1 sí gbogbo ẹ̀ kó lè bọ́ lọ́wọ́ yín, àtiyín àtòun ò ní mọ nǹkan kan mọ́. Bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ pé wọn ò kọ́ ọ ní logarithm rí, èyí kọ́ ló máa kọ́ ọ, ẹ wá tíṣà.

Ẹ fi sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan bẹ̀rẹ̀, èyí tó máa ń fi yangàn jù, kì í ṣe èyí tó ń bẹ̀rù. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ n mọ̀ bóyá objective ló ń fà á sẹ́yìn ni àbí tíọ́rì.