Kí ẹ tó gbéra lọ sí Antakya

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀yin arábìnrin wa. Ẹ ní ẹ ń lọ ra kápẹ́ẹ̀tì ní Gaziantep ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, àti pé kọ́sítọ́mà yín kan níbẹ̀ ní kí ẹ bá òun dé Antakya, ìlú rẹ̀ tí ìmìtìtì ilẹ̀ wó. Ẹ wá ń béèrè bóyá ó bójú mu kí àlejò lọ síbẹ̀, àti bóyá ewu ṣì wà. Balógun ni èmi náà ti ń ta kápẹ́ẹ̀tì, mo sì lọ sí ìlú méjèèjì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, nígbà tí ọ̀fọ̀ náà kò tíì pé ọdún kan. Ẹ lọ, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ pé ẹ lọ kí ọlọ́fọ̀ ni, kì í ṣe pé ẹ lọ wòran.

Ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún 2023 ni ilẹ̀ mì níbẹ̀. Aago mẹ́rin ìdájí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀, oorun ṣì wà lójú gbogbo ènìyàn, nígbà tí èyí tí ìwọ̀n agbára rẹ̀ jẹ́ 7.8 ṣẹlẹ̀, nígbà tí yóò fi di ọ̀sán ọjọ́ náà, òmíràn tí ó jẹ́ 7.5 tún tẹ̀lé e. Ní Tọ́kì nìkan, àwọn tí ó kú lé ní 50,000, a kò tíì ka ti Síríà mọ́ ọn.

Àwa ará Ìsàlẹ̀ Èkó mọ ohun tí ilé wíwó jẹ́, nítorí a kò gbàgbé ilé tí ó wó lé àwọn ọmọ iléèwé lórí ní Ìta Fájì ní oṣù kẹta ọdún 2019. Mo rò pé ọkàn mi ti gbó sí irú rẹ̀. Rárá o. Ní Antakya, odindi àdúgbò ni wọ́n ti palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin tí ó ń mú mi kiri dúró sórí ilẹ̀ gbalasa tí ó kún fún òkúta wẹ́wẹ́, ó sì ń nàka sókè sí ibi tí kò sí ohunkóhun mọ́, ó ní, "Àjà kẹrin, ibẹ̀ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé."

Ibẹ̀ náà ni mo ti ṣe ohun tí ó ń dùn mí di òní. Mo yọ fóònù, mo ń ya fọ́tò ilé kan tí ìdajì rẹ̀ ṣì dúró, tí kọ́tìnì aláwọ̀ òféfèé ṣì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú fèrèsé rẹ̀. N kò rí bàbá àgbàlagbà tí ó jókòó sórí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn dìde, ó yí àga náà po, ó sì kẹ̀yìn sí mi. Inú ilé yẹn ni ìyàwó rẹ̀ kú sí. Mo pa àwọn fọ́tò náà rẹ́, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bí a ti ń ṣe nílé, mo sì sọ gbólóhùn tí ẹni tí ó mú mi lọ kọ́ mi: "Başınız sağ olsun." Bí ẹní ń sọ pé ẹ kú ara fẹ́ra kù ni. Ó fà mí lọ́wọ́ dìde, ó sì bu tíì fún mi nínú ife kékeré. Ẹ kọ́ gbólóhùn náà kí ẹ tó kúrò ní Èkó, kí fóònù yín sì wà nínú báàgì.

Ní ti ewu, ilẹ̀ ṣì lè mì díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn èyí tí ó tóbi. Ó mì ní òru ọjọ́ kejì tí mo dé Gaziantep, mo sì sáré lọ sí àtẹ̀gùn láìwọ bàtà. Àṣìṣe ńlá ni, òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ló là mí lóye. Ẹ má sáré sí àtẹ̀gùn, ẹ má sì wọ ẹ̀rọ agbéniròkè. Ẹ wọ abẹ́ tábìlì tí ó nípọn, ẹ fi ọwọ́ bo orí àti ọrùn, kí ẹ dúró di ìgbà tí yóò fi rọlẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ jáde. Kí bàtà yín wà lẹ́bàá ibùsùn nítorí dígí tí ó bá fọ́. Ẹ béèrè ọdún tí wọ́n kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó sanwó, nítorí lẹ́yìn ìmìtìtì ọdún 1999 ni òfin ilé kíkọ́ wọn tó le sí i. Síbẹ̀, ní ọdún 2018, ìjọba tún forí ji ọ̀pọ̀ ilé tí wọn kò kọ́ bí òfin ṣe wí. Ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi àjà lé àjà ní Èkó yóò mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí.

Ẹ mú ìbòmú dání nítorí eruku. Ẹ mú owó wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú, kí ẹ sì ná an lọ́dọ̀ àwọn tí ó ń tajà nínú kọ̀nténà, nítorí ṣọ́ọ̀bù wọn ti wó. Obìnrin kan níbẹ̀ ń ta ọṣẹ tí wọ́n fi òróró ólífì àti èso igi defne ṣe. Mẹ́ta péré ni mo rà, ó sì ti tán. Ẹ bá mi ra méjìlá. Mo máa fi owó ránṣẹ́ sí yín kí ẹ tó lọ.