Gbẹ̀gìrì ń hó létí, yìnyín wà láàárín: ṣé ẹ̀rọ ló bàjẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀ńjínnìà. Mo gbé gbẹ̀gìrì tó ti dì kúrò nínú fírísà sínú máíkírówéèfù. Etí rẹ̀ ń hó, àárín rẹ̀ ṣì le bí òkúta. Ẹni tó ń bá mi tún ẹ̀rọ ṣe sọ pé inú oúnjẹ ló yẹ kó ti kọ́kọ́ máa gbóná, pé magnetron rẹ̀ ti kú, kí n ra òmíràn. Ṣé òótọ́ ni? Ìyá kan ní Bódìjà.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ má tíì fún un ní kọ́bọ̀. Magnetron ló ń pèsè ìgbì tó ń mú oúnjẹ gbóná nínú máíkírówéèfù; ẹ̀rọ tí tirẹ̀ ti kú kò lè mú ohunkóhun hó.

Ọ̀rọ̀ "inú ló ti ń gbóná" yìí ló ń bí mi nínú, torí ó ti ná ọ̀pọ̀ èèyàn lówó. Irọ́ ni. Ìta ni ìgbì náà ti ń wọlé, nínú oúnjẹ tó lómi, kì í sábà wọlé ju sẹ̀ntímítà 1 sí 3 lọ kí agbára rẹ̀ tó rọ̀. Láti ibẹ̀, ooru ló ń rọra rìn lọ sí àárín, bíi ti orí sítóòfù.

Omi ló ń gba ìgbì yìí jù. Mólékù omi ní orí méjì bíi bátìrì. Ìgbì náà ń yí síwá sẹ́yìn nǹkan bí ìgbà 2,450,000,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, omi ń bá a yí, ó ń kọlu ara rẹ̀, ó ń gbóná. Yìnyín ńkọ́? Mólékù rẹ̀ ti há mọ́ra, kò ráyè yí. Omi ń gbà á ju ògidì yìnyín lọ ní ìlọ́po tó lé ní 1,000. Bí oúnjẹ ṣe ń gba ìgbì sí yìí ni àwa ń pè ní ìwà dielectric rẹ̀.

Etí gbẹ̀gìrì yín ló kọ́kọ́ yọ́. Bó ṣe domi, ó ń gba ìgbì mọ́ àárín lọ́wọ́, bí ẹni tó ti yó tó tún ń já abọ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tí ebi ń pa. Iyọ̀ ọbẹ̀ tún dá kún un. Ẹ dán an wò: omi nínú ife kan, yìnyín láti fírísà, tí kò tíì yọ́ rárá, nínú òmíràn, ìṣẹ́jú kan. Omi á gbóná, yìnyín á fẹ́rẹ̀ẹ́ wà bó ṣe wà.

Nítorí náà, ẹ yéé di gbẹ̀gìrì sínú ike jíjìn. Abọ́ pẹrẹsẹ ni, kó má nípọn ju ìka méjì lọ. Ẹ tẹ bọ́tìnì defrost. Á máa ṣiṣẹ́, á máa sinmi, kí ooru ráyè dé àárín. Bó bá yọ́ tán, ẹ rò ó, kí ẹ wá gbé iná sókè títí gbogbo rẹ̀ á fi gbóná dé 70°C ó kéré tán. Èyí tó bá ti yọ́ sínú fírísà láti àná torí kò síná, ẹ dà á nù.

N kò fojú rí ẹ̀rọ yín o. Bó bá ń ta pàrà, tàbí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò pa dé, ẹ má lò ó. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ ilé kankan tú u: kàpásítọ̀ inú rẹ̀, tó ń tọ́jú iná pamọ́, lè pa èèyàn, bí ẹ tilẹ̀ ti yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná.