Ṣé ara ọmọ mi ò ní kọ irin tí wọ́n fẹ́ fi sí ìbàdí rẹ̀?

Ìbéèrè: SS ni ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 26. Orí eegun itan rẹ̀ ti kú, dókítà sì ní àfi kí àwọn fi irin pààrọ̀ oríkèé ìbàdí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ara á kọ̀ ọ́, pé yóò máa lo oògùn títí ayé bí àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún. Ẹnìkan tún fi ìwé ìwádìí ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, nípa irin tuntun tí ara kì í kọ̀ rárá. Ṣé ká dúró de ìyẹn? Màmá kan, Ṣómólú.

Ìdáhùn: Ẹ kú wàhálà ọmọ, Màmá. Òótọ́ lẹ̀gbọ́n yín sọ nípa kíndìnrín. Kíndìnrín ẹlòmíràn ní àmì ẹni tó ni ín lára, òun làwọn sójà ara fi ń dá a mọ̀. Irin ò ní irú àmì bẹ́ẹ̀, kò sì sí oògùn títí ayé níbẹ̀.

Kì í ṣe pé ara ò ní rí i o. Macrophage, sẹ́ẹ̀lì tó máa ń gbé kòkòrò mì, á fẹ́ jẹ ẹ́, kò ní lè jẹ ẹ́. Ohun tí ọmọ àdúgbò ń ṣe sí àlejò tí kò sọ̀rọ̀ tí kò sì lọ ló máa ń ṣe: á mọ ọgbà àpá yí i ká. Kí ọgbà yẹn má nípọn jù niṣẹ́ tèmi. Ti titanium, irú irin kan, yàtọ̀. Láwọn ọdún 1950, Per-Ingvar Brånemark ní Sweden fi í sínú eegun ehoro kó lè wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn. Nígbà tó fẹ́ yọ ọ́, eegun ti dì mọ́ ọn pinpin.

Kòkòrò àrùn ni kí ẹ bẹ̀rù. Tó bá dé ara irin, á lẹ̀ mọ́ ọn bí nǹkan yíyọ̀ tó ń hù nínú táńkì omi, oògùn á kàn máa ṣàn kọjá lórí rẹ̀. Àwọn SS sì tètè máa ń ní kòkòrò nínú eegun. Eyín tó jẹrà, eéwo, ìtọ̀ tó ń ta, ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹ bèèrè bóyá dókítà ẹ̀jẹ̀ yóò wà níbẹ̀. Bí yẹtí Balógun bá máa ń jẹ ẹ́ létí, ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú, nítorí nickel, èròjà tó máa ń yún àwọn kan lára, wà nínú irin mìíràn.

Ẹni ọdún 26 sì lè nílò iṣẹ́ abẹ kejì kó tó darúgbó, torí oríkèé irin náà máa ń gbó bó bá pẹ́. Kí dókítà sọ ìyẹn fún yín báyìí.

Mo ka ìwé yẹn. Eku ni wọ́n fi dán an wò. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Èmi náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Àwa méjì tàbí mẹ́ta la sábà máa ń kà á, a ó wò ó bóyá ohun tí wọ́n sọ bá ohun tí wọ́n rí mu. A kì í tún ìdánwò náà ṣe. Bí ọmọ yín ò bá lè rìn dé ibùdókọ̀ láìjẹ̀rora, ẹ má dúró de eku.